Ọ̀rá Inú Ike Bọ́tà

Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni. Kì í ṣe bọ́tà ààwẹ̀. Mo tún fi ìka kàn án, mo tún gbé e sí imú… ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni, kò sí àníàní. Ẹlẹ́dẹ̀ tí a pa nínú oṣù kọkànlá, tí èmi fúnra mi yọ́ ọ̀rá rẹ̀, tí èmi fúnra mi dà á sínú ike bọ́tà nítorí pé ìgò fọ́, n kò sì fẹ́ náwó sórí ìgò. Èmi tí kì í ju ike nù. Èmi ọlọ́gbọ́n obìnrin. Ìkòkò ẹ̀wà méjì ló wà nínú ààrò yìí láti àárọ̀, àlùbọ́sà inú wọn sì ti fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wẹ̀ tán, lónìí ọjọ́ Nikola Mímọ́, láàárín ààwẹ̀ tí a kì í fi ẹran, ẹyin tàbí wàrà kan ẹnu, nínú ilé ìyá Vukoman ọkọ mi.

Olúwa, kí yìnyín yìí má tíì dá.

Kí ni mo tún ń sọ yẹn? Mo ti sọ ọ́ rí, ohun tó sì gbẹ̀yìn rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, nídìí ọpọ́n ìfọṣọ, níbi tí mo ti ń fún ìlédìí Relja, ọmọ mi kékeré: kí yìnyín rọ̀, kí ó dí ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má lè gòkè wá sí slava wa, àjọ̀dún ẹni mímọ́ ilé wa, lọ́dún yìí. Kì í ṣe pé mo kórìíra ènìyàn. Owó oṣù Vukoman ló ti di oṣù méjì tí a kò rí i sójú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, a kì í pe ènìyàn sí slava, ẹni mímọ́ tó ni ilé ló pè wọ́n. Ẹni tó bá wọlé ti wọlé nìyẹn, a kì í bi í pé ta ló ní kó wá. Wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, onílé kò sì gbọdọ̀ fìdí kan àga láti òwúrọ̀ títí ẹni ìkẹyìn á fi lọ. Lọ́dún tó kọjá, ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n lọ, ẹ̀wà tó ṣẹ́ kù kò kún ṣíbí. Ni mo bá bẹ yìnyín. Yìnyín sì gbọ́, ó gbọ́ ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ. Ó ga dé ojú fèrèsé. Ó já wáyà iná, ó mú kí omi dì gbagidi nínú páìpù, ó dá ọkọ̀ ẹlẹ́ja padà ní ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹja tí mo ti sanwó rẹ̀. Ẹja tó yẹ kó jẹ́ olórí oúnjẹ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀wà yìí nìkan ni a ní, ẹ̀wà yìí tí mo ti…

Ta sì ni iléeṣẹ́ ojú ọ̀nà rán jáde pé kó fi ọkọ̀ akóyìnyín lọ la ọ̀nà tí mo bẹ̀bẹ̀ pé kó dí? Ọkọ tèmi.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí fóònù rẹ̀ fi dún. N kò gbọ́ kó béèrè owó oṣù méjì lọ́wọ́ wọn. Ohun tó béèrè ni ọ̀nà wo ni kó kọ́kọ́ là, nítorí pé aboyún kan wà ní apá kejì òkè tí oṣù rẹ̀ ti pé. Mo dìde, inú ń bí mi, mo ń fọ́ igi sínú ààrò bí ẹni tó ń fọ́ orí ẹnìkan. Ó mu tíì rẹ̀ lórí ìdúró. "Ó yẹ kí n wà lórí ẹsẹ̀ mi lónìí," ó ní, "àmọ́ orí ìjókòó ọkọ̀ ni Nikola fi mí sí. Kí Màmá bá mi tan àbẹ́là." Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Wọn á wá, Stamenka, má bẹ̀rù. Màá la ọ̀nà fún wọn títí dé ẹnu ilẹ̀kùn wa."

Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni òun ń fún mi. Ọkùnrin yìí… ọkùnrin kan tí kì í ṣe olówó, tí ń la ọ̀nà fún ẹni tó ń bọ̀ wá jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Bí mo bá ní kí n má fẹ́ràn rẹ̀, n kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlédìí. Ẹ wo ìlédìí. Méjìlá ni mo sá sórí okùn lókè ààrò, wọn kò sì lè wà níbẹ̀ nígbà tí àlejò bá dé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì gbẹ. Màá kó wọn sí yàrá… yàrá tutù, wọn á dì bí pákó. Màá kó wọn sórí ihò èéfín nínú àjà. Relja ń wúkọ́, kò burú bíi ti àná. Dunja ti gbé garawa yìnyín mẹ́rin wọlé láti yọ́ fún omi àwo, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ètè rẹ̀ pọ́n, kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Garawa yìnyín kan, omi kọ́ọ̀bù méjì péré. Tí ènìyàn ò bá yọ́ yìnyín rí, á rò pé ọrọ̀ ló wà lójúde wa. Mo ní kó má kó gbogbo àwo jáde, pé mẹ́wàá ti tó. Ó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní kó kó, títí kan èyí tí etí rẹ̀ ti kán. Ó ti tò wọ́n sórí tábìlì báyìí, ó fi aṣọ nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi àwo tó kán létí sí ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń dúró, nítorí pé bàbá rẹ̀ kì í jókòó, kò ní rí i. Ta ló kọ́ ọ ní irú ọgbọ́n yẹn? Kì í ṣe èmi.

Àlìkámà ti wà nílẹ̀, a ti sè é, a ti fi ṣúgà àti àsálà pò ó. Búrẹ́dì slava ti wà nílẹ̀. Àbẹ́là wà. Kábéèjì kíkan wà nínú àgbá. Ọ̀dùnkún… ó kù apẹ̀rẹ̀ kan àti ààbọ̀, ó sì yẹ kó gbé wa dé oṣù kejì. Òróró kù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìgò. Nítorí òróró yẹn gan-an ni. Mo ní kí n ṣọ́ ọ lò, kí n fi bọ́tà ààwẹ̀, èyí tí kò ní wàrà, din àlùbọ́sà. Iná kò sí, ojú fèrèsé ti di funfun, inú ilé ìdáná ṣókùnkùn bí inú àpò, mo na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ike aláwọ̀ yẹ́lò, ó parí. Ike méjì ló wà níbẹ̀. Ọkàn mi ò sọ fún mi. Ọmọ ń wúkọ́, omi ń hó, mò ń ṣírò ọ̀dùnkún lórí, mò ń bá ọkọ mi jà nínú ọkàn mi. Ìgbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti inú ààrò, òórùn dídùn, ẹ gbà mí… ìgbà yẹn ni mo mọ̀. Ẹ̀wà ààwẹ̀ kì í ta sánsán tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní bí a gún iyán nínú ewé, bí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ kò mọ Kosana.

Kosana. Àbúrò bàbá Vukoman, arúgbó tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí a fi ń gé kábéèjì lọ, tí imú rẹ̀ sì mú ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá láti abúlé kejì lọ́dọọdún. Yìnyín kankan kò dá a dúró rí, tí yìnyín bá bò ó dé orí, ìbòrí rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ rí tí yóò máa bọ̀. Bí ó bá fi ṣíbí kan kan ẹnu, gbogbo òkè yìí á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú: ìyàwó Vukoman fún ènìyàn ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ jẹ nínú ààwẹ̀. Ìyàwó ará ìlú ńlá. Ó ti sọ ọ́ ṣáájú ìgbéyàwó wa pàápàá, wọ́n sọ ọ́ fún mi: "Ọmọ ìlú ńlá ni. Kò mọ ọjọ́ ẹran yàtọ̀ sí ọjọ́ ààwẹ̀." Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi ń já a nírọ́. Ọdún mẹ́rìnlá tí ọwọ́ mi kò ṣì. Òní ni màá wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pẹ̀lú ike bọ́tà.

Màmá ṣì wà níta. Mò ń rí wọn láti ibi tí mo ti fi ọwọ́ nu ìrì ojú fèrèsé, ìyá ọkọ mi, Màmá Milunka, ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Wọ́n ti fún wàrà lára màlúù, wọ́n ti gbé wàrà náà pamọ́ síbi tí ojú kò ní tó o, wọ́n wá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Láti ilẹ̀kùn dé ẹnu géètì ni wọ́n ń kó yìnyín. Kì í ṣe ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Èmi ì bá la ibi tí ẹsẹ̀ kan gbà, kí n sáré wọlé. Wọ́n là á tí ènìyàn méjì lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ń gé etí rẹ̀ tó gún régé, bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Wọ́n dúró, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti jáde lẹ́ẹ̀mejì láti gba ṣọ́bìrì náà. "Wọlé lọ, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ooru ń jáde." Wọn kò wo ẹ̀yìn. Èmi ń bẹ yìnyín kó dí ọ̀nà, ọmọ wọn ń là á láti ìsàlẹ̀, àwọn náà ń là á láti òkè. Gbogbo ilé ló ń ṣiṣẹ́ lòdì sí àdúrà mi.

Kí ni kí n ṣe? Dá ẹ̀wà mìíràn lé iná kẹ̀? Ẹ̀wà tí kò sùn nínú omi, ìgbà wo ni yóò rọ̀. Kí n dákẹ́? Mo lè dákẹ́. Mo lè da ata pupa sí i, kí n da ewé olóòórùn lé e, òórùn á yí padà. Àwọn ènìyàn yóò jẹ, wọ́n á yin ọwọ́ mi… àwọn tó ti ń gbààwẹ̀ láti oṣù tó kọjá, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọ́ nínú yìnyín wá. Màmá náà yóò jẹ. Wọ́n ti ń gba ààwẹ̀ yìí láti kékeré, wọn kò jẹ́ kí ó yẹ̀ rí, àní nígbà tí wọ́n wà nílé ìwòsàn. Èmi ni màá wá ba ààwẹ̀ wọn jẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Rárá. Ìyẹn kò ṣeé ṣe. Mo lè ya òmùgọ̀, n kò ya ìkà.

Nígbà náà, kí n sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe sọ ọ́… Ọ̀nà kan wà. Ó wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní ṣiyèméjì. "Màmá ló na ike náà sí mi. Ẹ ṣáà mọ ojú wọn." Ó tán. Ẹ̀rín ni wọ́n á fi gbà á. Kosana á dunnú pé òun rí ìtàn tuntun. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọdọọdún, kí àwo tó kúrò nílẹ̀, Kosana á na ọrùn kọjá tábìlì: "Milunka, ṣé ojú ẹ ń ríran lọ́dún yìí? Àbí ká wò ó bóyá ẹyin tún wà lórí búrẹ́dì?" Gbogbo ilé á sì rẹ́rìn-ín. Màmá náà á rẹ́rìn-ín. Èmi náà…

Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí ẹyin wà lórí búrẹ́dì. Slava mi àkọ́kọ́ nínú ilé yìí ni. Yìnyín wà nígbà náà náà, kò tó ti òní. Búrẹ́dì ń dán lórí tábìlì, ó ń dán jù, Kosana fi èékánná họ ọ́, ó gbé èékánná sí imú, ó sì wò mí. Èmi ló wò. Gbogbo wọn wò mí. Kí n tó la ẹnu, Màmá ti dìde. "Èmi ni," wọ́n ní. "Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ẹyin ni mo fi pa ojú rẹ̀ kó lè dán, mo rò pé tíì oníṣúgà ni. Ẹ dárí jì mí, ẹ jẹ àlìkámà." Wọ́n gbé búrẹ́dì náà kúrò. Inú mi dùn nígbà yẹn, n kò ní parọ́. Inú mi dùn pé àwọn ni, pé kì í ṣe èmi.

Pé kì í ṣe èmi… Ta ló pa ojú búrẹ́dì yẹn?

Dúró. Èmi ni wọ́n rán. Wọ́n ní kí n pa á, wọ́n ní tíì oníṣúgà wà lójú fèrèsé. Mo pa á. Mo máa ń rò pé wọ́n padà wá tún un pa lẹ́yìn mi, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í. Mo rò bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀bù méjì ló wà lójú fèrèsé. Èkejì jẹ́ ẹyin tí a lù fún bàbá ọkọ mi tó ń ṣàìsàn, àlùfáà ti ní kí wọ́n má gbààwẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, ojú fèrèsé ti di funfun. Mo na ọwọ́.

Bọ́rọ́ọ̀ṣì tí mo fi pa á yẹn. Omi gbígbóná ni mo dà lé e láti fọ̀ ọ́. Nǹkan funfun kan dì mọ́ irun rẹ̀, tín-ín-rín tín-ín-rín bí òwú, mo fi èékánná fà á kúrò, mo sì ń rò ó pé kí ló dé tí bọ́rọ́ọ̀ṣì yìí dọ̀tí. Tíì kì í dì nínú omi gbígbóná. Ẹyin ló ń dì. Mo rí i. Mo fi ọwọ́ mi fà á kúrò, ojú mi rí i, n kò jẹ́ kí ọkàn mi rí i.

Ẹyin bàbá ńkọ́? Mo gbọ́ ṣíbí nínú kọ́ọ̀bù láàárọ̀ yẹn, kì-kì-kì. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí búrẹ́dì ti wà nínú ààrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá lu ẹyin. Kí ló lè mú ènìyàn lu ẹyin ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì, àfi tí wọ́n bá rí i pé ti àkọ́kọ́ ti tán nínú kọ́ọ̀bù? Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀ kí Kosana tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Wọ́n gbé búrẹ́dì náà sórí tábìlì nítorí pé kò sí ìyẹ̀fun fún òmíràn, wọ́n sì ti mọ ohun tí wọn yóò sọ.

Ọdún mẹ́rìnlá. Ó wá yé mi. Kò sí ohun tó ṣe ojú wọn nígbà yẹn; obìnrin tí ń fi abẹ́rẹ́ ran ìbọ̀sẹ̀ láìlo awò, tí ń rí mọ̀lẹ́bí láti orí òkè kí ajá tó gbó. Wọ́n gba ojú fífọ́ mọ́ra nítorí ọmọ ẹlòmíràn tí wọn kò tíì mọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọọdún nínú ilé ara wọn. A ti jà, èmi àtàwọn, a ti jà lórí ọmọ, lórí iyọ̀, lórí owó, mo ti sọ ohun tí kò yẹ kí ìyàwó sọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sí mi lójú lẹ́ẹ̀kan péré, ǹ bá ti dákẹ́ títí ayé. Wọn kò mú un jáde. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́… mo ti gbọ́ ọ títí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Orí mi ni orí náà. Wọ́n ti gbé e dúró fún ọdún mẹ́rìnlá, ọwọ́ wọn kò ro wọ́n. Èmi sì jókòó síbẹ̀, mo ń bá Kosana rẹ́rìn-ín. Ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn mo tún fẹ́ gbé ìkòkò ẹ̀wà méjì lé wọn lórí.

Ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn, n kò mọ bí àwọn méjèèjì ṣe gba inú àyà kan.

Ìró kan… rárá, Relja kọ́. Ó jìn. Ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń kùn, ó ń dúró, ó tún ń kùn. Ọkọ̀ Vukoman. Ó ti dé ibi igi oaku. Àwọn àlejò á wà lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀, wọ́n á tò lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, àwọn tó ní ọkọ̀ àtàwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, Kosana níwájú. Kí wọ́n máa bọ̀. Ọ̀dùnkún ààbọ̀ apẹ̀rẹ̀ la máa sè fún àwọn tó ń gbààwẹ̀, oṣù kejì á wá wá nǹkan tirẹ̀ jẹ. Àlìkámà wà, kábéèjì wà. Ẹ̀wà á wà fún àwọn ọmọdé àti fún ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ̀, màá sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà rọrùn. Ti ẹyin ló wúwo, òun náà á jáde lónìí, lójú gbogbo wọn.

Màmá ti ń gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Mo mọ ìró yẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ti òsì lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n fi ṣọ́bìrì ti ara ògiri. Wọ́n gbé imú sókè díẹ̀, díẹ̀ péré, sí ọ̀nà ààrò… wọ́n sì dúró. Wọ́n wo ìkòkò. Wọ́n wo ike bọ́tà tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wá wo ojú mi, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka nǹkan. Ojú tí kò fọ́ rí. Ìró ọkọ̀ ti dé géètì. Mo rí i tí wọ́n ń tú ìbòrí wọn, tí wọ́n fẹ́ la ẹnu, mo sì mọ gbólóhùn tí wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀, "Èmi ni," nítorí pé mo ti gbọ́ ọ rí.

Mo gbé ike náà sókè kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ mi ló wà, mo sì yára la ẹnu tèmi ṣáájú wọn.